Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀, mo sáré gbin ẹ̀fọ́. Ẹ wá wo ohun tí oòrùn fojú mi rí

Àgbẹ̀ Tuntun, Ìkẹ́nnẹ́
27 oṣù Kẹta, 6:48 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará oko. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ pọ̀ níbí.

Ọjọ́ 6 oṣù yìí ni òjò kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjì gbé eruku ṣáájú, ààrá sán, páànù ilé wa ń dún gbàgàgbàgà. Kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, ṣùgbọ́n nígbà tó dá, òórùn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu omi yẹn ló kó sí mi lórí. Ẹ mọ òórùn tí mò ń wí. Ilẹ̀ mọ́, mo ti wà lóko. Bẹ́ẹ̀dì 14 ni mo ti kọ sílẹ̀ láti oṣù Kejì, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 10, ó sì fi díẹ̀ fẹ̀ ju mítà kan lọ. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí 8, mo fọ́n ewédú sí 3, mo gbin ilá sí 3 tó kù. Ata rodo 200 tó wà lábẹ́ ìbòòji ní násìrì, mo ṣí gbogbo rẹ̀ lọ gbìn lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, tẹ̀tẹ̀ ti yọ, ó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí irun orí ọmọ àná. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó mi l'Ékòó. Láti ìgbà náà, òjò ò tún kán. Bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ ó fò sókè. Mo ń pọn omi kànga, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nírọ̀lẹ́, títí ọrùn fi ń ro mí. Lánàá mo ka ata: 31 ló ṣẹ́kù. Tẹ̀tẹ̀ tó kù ti ń yọ òdòdó, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì ga tó ìka àárín.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé òjò ti dé lóòótọ́?


Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ṣàgámù
27 oṣù Kẹta, 7:20 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Olúwa á fi òmíràn rọ́pò.

Tẹ̀tẹ̀ tó ń yọ òdòdó yẹn, má fà á dànù o. Gé e lónìí, dì í ní ìdì kéékèèké, kó o tà á fún àwọn olóúnjẹ. Bó bá fi máa di ọ̀túnla, igi ló máa dà sí ọ lọ́wọ́, ta ló ń jẹ igi?

Mi ò sì ní bá ọ wí pé o yára. Èmi tí mo wà lọ́jà mọ ohun tó ń sáré yín. Láti oṣù Kejì títí di àsìkò yìí, ẹ̀fọ́ wọ́n. Owó tí mo fi ń ra ìdì mẹ́ta nígbà òjò ni mo fi ń ra ìdì kan báyìí, ewé rẹ̀ á tún rọ kí n tó gbé e dé orí àtẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀fọ́ tútù wọlé lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, àwa la máa lọ pàdé rẹ̀ ní gárèjì. Ṣùgbọ́n bó bá di oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, gbogbo ayé ló ní tẹ̀tẹ̀. Mo ti rí ọkùnrin kan tó gbé ẹ̀fọ́ kún pikọ́ọ̀pù dé, tó sì fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́, torí owó tí wọ́n dá lé e kò tó owó epo tó máa fi gbé e padà.


Bàbá Ọlọ́sàn, Ìjẹ̀bú-Igbó
27 oṣù Kẹta, 8:05 àárọ̀

Ọmọ mi, òjò ọjọ́ 6 yẹn, ìyàwó tó wá yọjú ni. Kò tíì kó ẹrù wá.

Gbọ́ bí bàbá mi ṣe kọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì òjò, má ṣe wo òkè, ilẹ̀ ni kó o wò. Mú àdá, kó o fi gbẹ́ ihò kan láàárín bẹ́ẹ̀dì, kì í ṣe létí aporo tí omi ti ṣàn wọ̀. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi dé ìdajì apá rẹ. Bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, kó o fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Tó bá ṣù bí ẹ̀bà, tó o fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ tó sì là sí méjì láì tú ká, omi ti wọlẹ̀. Tó bá tú bíi gaàrí Ìjẹ̀bú, padà sílé lọ jẹun. Ọ̀pọ̀ òjò àkọ́kọ́, kì í wọlẹ̀ ju ìwọ̀n ìka mẹ́rin lọ. Òkè á tutù, ìsàlẹ̀ á gbẹ bí ẹnu ọlọ́yẹ́. Irúgbìn á hù nínú èyí tó tutù, gbòǹgbò rẹ̀ á wá sọ̀ kalẹ̀ wá omi, kò ní bá nǹkan kan.

Kì í ṣe ẹlẹ́fọ̀ọ́ nìkan ni irú òjò bẹ́ẹ̀ ń tàn o. Ẹ wá wo ọsàn mi. Ọsàn fara da ẹ̀ẹ̀rùn, ebi omi pa á, bí òjò àkọ́kọ́ ṣe kan gbòǹgbò rẹ̀, ó rúwé, ó tanná. Gbogbo oko ń ta sánsán, oyin ń kùn láti ilẹ̀ mọ́. Inú mi dùn bí ọmọdé. Láti ìjẹta, ilẹ̀ abẹ́ igi ti funfun. Òdòdó lápá kan, ọmọ ọsàn tó dà bí orí ìṣáná lápá kejì, ó ń já pa, pa, pa. Igi ò rí omi tó máa fi bọ́ wọn, ló bá ń sọ wọ́n nù. Ó máa ṣẹ́ díẹ̀ kù, ó sì lè tún tanná bí òjò bá padà wá, ṣùgbọ́n èyí tó bá tanná lẹ́yìn kò ní pọ́n pẹ̀lú ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ń wá gbé e láti ọjà Mile 12 l'Ékòó á wá lẹ́ẹ̀mejì, á sì yọ owó ọkọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì lára owó mi.


Gbin-Kíákíá, Odògbolú
27 oṣù Kẹta, 9:31 àárọ̀

Bàbá, ẹ kú ọgbọ́n o, àmọ́ èmi ò gbà gbogbo rẹ̀. Tí n bá dúró kí ilẹ̀ tutù dé ìdajì apá, oṣù Kẹrin á ti tán lórí mi. Nígbà yẹn, ẹ̀fọ́ tèmi àti tàwọn ẹlòmíì á jọ dé ọjà lọ́jọ́ kan náà, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ á wá máa fojú pa mí rẹ́. (Ẹ má bínú, ìyá.)

Ọdọọdún ni mò ń gbìn sórí òjò àkọ́kọ́. Láàárín ọdún márùn-ún, ó jó mi lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta tó kù, owó tí mo rí níbẹ̀ ju ti gbogbo oṣù Karùn-ún, Kẹfà àti Keje pọ̀. Ìṣirò ni. Tẹ̀tẹ̀ kì í ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ tí wọ́n fi ń fà á, irúgbìn rẹ̀ ò wọ́n. Kí ni mo pàdánù?


Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ṣàgámù
27 oṣù Kẹta, 9:40 àárọ̀

Mo ti rí ọ, Odògbolú. Ìwọ àti èmi máa pàdé lójú àtẹ.


Àgbẹ̀ Tuntun, Ìkẹ́nnẹ́
27 oṣù Kẹta, 9:58 àárọ̀

@Gbin-Kíákíá, ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé gbogbo ilẹ̀ yín lẹ máa ń gbìn sórí òjò àkọ́kọ́?


Gbin-Kíákíá, Odògbolú
27 oṣù Kẹta, 10:15 àárọ̀

Rárá o! Ṣé orí mi dàrú ni? Ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kànga, ibi tí okùn omi dé. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ yòkòtò nìkan. Ata kì í sí níbẹ̀. Ata tí o tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní násìrì, o fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́?


Òṣìṣẹ́ Oko
27 oṣù Kẹta, 1:12 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán. Iṣẹ́ ẹ̀sìténṣàn, ìyẹn kíkọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ọ̀nà tó dáa láti dáko, ni mo ṣe ní agbègbè Ìjẹ̀bú kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò bá àbúrò wa yìí lò, torí nǹkan kan ò yé mi nínú ìtàn rẹ̀.

Bí òjò mílímítà kan bá rọ̀, ohun tó já sí ni pé lítà omi kan bọ́ sórí àyè kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ mítà kan lóòró, mítà kan níbùú. Ẹ lè fi agolo mílíìkì tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba wọ̀n ọ́n fúnra yín. Ẹ gbé e sí gbangba níbi tí igi tàbí òrùlé ò ti ní dà sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ ki rúlà ọmọléèwé bọ̀ ọ́ lẹ́yìn òjò. Lásìkò tá a wà yìí, oòrùn àti afẹ́fẹ́ ń fa bíi mílímítà 4 sí 5 kúrò lórí ilẹ̀ lójúmọ́. Tí òjò bá rọ mílímítà 10, ọjọ́ méjì péré ni. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kì í fi òjò kan ṣoṣo pe àsìkò òjò. Wọ́n máa ń wò bóyá omi náà pọ̀ tó, wọ́n sì máa ń wò bóyá ọ̀dá ò ní tẹ̀lé e. NiMet, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sọ ìgbà tí wọ́n retí kí òjò fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbì kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa kà á. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ó sàn ju òórùn ilẹ̀ lọ.

Wàyí o, àbúrò, bẹ́ẹ̀dì 14 rẹ jẹ́ nǹkan bí 168 irú àyè mítà kan sí mítà kan tí mo wí yẹn. Kẹ́ẹ̀gì 30 lójúmọ́ jẹ́ lítà 750. Tá a bá pín in, ó lé ní mílímítà 4. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí oòrùn ń fà. Lóòótọ́, ata ò sí nínú ìṣirò yẹn, ṣùgbọ́n kò yẹ kí tẹ̀tẹ̀ rẹ jó tó bẹ́ẹ̀. Kí lo fi bọ́ ilẹ̀? Kí lo fi bo ilẹ̀? Kí lo sì fi ń bu omi?


Àgbẹ̀ Tuntun, Ìkẹ́nnẹ́
27 oṣù Kẹta, 2:03 ọ̀sán

Ẹ ṣé gan-an, sà. Ìgbẹ́ adìẹ ni mo fi bọ́ ọ, àpò 10, mo da á sí i ní ọjọ́ méjì ṣáájú òjò. Ó ṣì tutù díẹ̀ nígbà tí mo rà á. Mi ò fi nǹkan kan bo ilẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń da omi.


Òṣìṣẹ́ Oko
27 oṣù Kẹta, 2:20 ọ̀sán

Ó tán.

Ìgbẹ́ adìẹ tútù, iná ni. Ó ń gbóná bó ṣe ń jẹrà, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ń fa omi kúrò lára gbòǹgbò. Bí òjò bá ń rọ̀ léraléra, á fọ̀ ọ́ lọ, o lè má mọ̀. Nínú ọ̀dá, orí irúgbìn náà ni gbogbo rẹ̀ jókòó sí. Kó o kó o jọ sábẹ́ ìbòòji, kó o bò ó, kó jẹrà fún bí oṣù méjì, títí kò fi ní rùn mọ́, títí ọwọ́ rẹ kò fi ní mọ ooru nínú rẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó o ń dà lẹ́ẹ̀kan náà, ìdajì omi yẹn, inú aporo ló ń ṣàn lọ. Wá agolo onífèrè. Bí o kò bá rí i rà, da ihò wínníwínní sí ìdí kẹ́ẹ̀gì. Kó o sì fi kóríko gbígbẹ tàbí imọ̀ ọ̀pẹ bo ilẹ̀.

Ti ata yẹn: láti abẹ́ ìbòòji sínú oòrùn oṣù Kẹta lọ́jọ́ kan! Ṣe ni kó o máa ṣí i sí oòrùn díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kó o sì gbìn ín nírọ̀lẹ́.


Àgbẹ̀ Tuntun, Ìkẹ́nnẹ́
27 oṣù Kẹta, 2:26 ọ̀sán

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi sè é, mo wá ń bú òjò.


Ọmọ Ìṣarà, ní Kent
27 oṣù Kẹta, 8:44 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ibi tí wọ́n ti ń to ápù sí páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú ọba níbí. Mo ka ọ̀rọ̀ yín, mo rẹ́rìn-ín, torí ohun tí àwọn olóko ibí ń bá jà lásìkò yìí náà nìyẹn. Orúkọ ló yàtọ̀.

Òjò kọ́ ni tiwọn, ooru ni wọ́n ń retí. Òtútù á máa lọ láti oṣù Kẹta, igi ápù á tanná láàárín oṣù Kẹrin sí ìbẹ̀rẹ̀ Karùn-ún. Bí ooru bá wá tètè dé, igi á rò pé òtútù ti lọ, á tú gbogbo òdòdó rẹ̀ síta. Òru ọjọ́ kan péré tí òtútù bá padà, tó wálẹ̀ dé bíi -2°C, òdòdó á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ojú òdòdó á ṣì funfun bálá láàárọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èékánná là á sí méjì, ẹ ó rí i pé àárín rẹ̀ ti dúdú. Ọ̀gá mi máa ń là á bẹ́ẹ̀ láti igi dé igi, kò ní sọ̀rọ̀.

Ní Michigan l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2012, oṣù Kẹta gbóná bí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, igi tanná, òtútù wá padà ní oṣù Kẹrin. Èyí tó pọ̀ jù nínú ápù ìpínlẹ̀ náà ló bá a lọ. Oṣù Kẹrin 2021, ó ṣẹlẹ̀ ní Faransé. Àwọn olóko àjàrà àti èso ń tan àbẹ́là ńláńlá sáàárín oko lóru kí òdòdó má baà kú. Àwọn míì sì máa ń wọ́n omi sí igi lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí omi náà dì mọ́ òdòdó lára.


Gbin-Kíákíá, Odògbolú
27 oṣù Kẹta, 9:02 alẹ́

Dúró ná. Òtútù ń pa òdòdó, wọ́n wá fi yìnyín bò ó kó lè móoru? Ṣé ògógóró wà nínú omi yẹn ni?


Ọmọ Ìṣarà, ní Kent
27 oṣù Kẹta, 9:30 alẹ́

Háà, èmi náà bi wọ́n bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Omi tó bá ń dì, ó ń tú ooru sílẹ̀ bó ṣe ń dì. Níwọ̀n ìgbà tí omi tuntun bá ṣì ń bọ́ sórí rẹ̀ tó ń dì, òdòdó inú rẹ̀ á dúró sí 0°C, kò ní lọ sísàlẹ̀ dé ibi tó ń pa á. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kú láàárín òru. Bó bá kú, ó sàn kí wọ́n má ti wọ́n ọn rárá.


Bàbá Ọlọ́sàn, Ìjẹ̀bú-Igbó
28 oṣù Kẹta, 5:50 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ọmọ Ìṣarà. Ẹ bá mi kí ọ̀gá yín tó ń là òdòdó. Ẹ sọ fún un pé bàbá kan wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ń ṣa ọmọ ọsàn nílẹ̀ láràárọ̀. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa, èmi ò sì mọ̀ pé òtútù náà mọ irú ìwà bẹ́ẹ̀ hù.


Tòmátì Tán, Ògbèrè
28 oṣù Kẹta, 7:15 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un lórí tòmátì, torí kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ rẹ̀.

Tòmátì yàtọ̀ sí ẹ̀fọ́. Nígbà tí ẹ̀fọ́ wọ́n, tòmátì pọ̀, torí ti Kánò, Kàdúnà àti gbogbo òkè ọya tí wọ́n fi omi odò tí wọ́n sé gbìn ń wọlé ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí òjò bá dé, tiwọn á máa tán lọ, ọ̀nà á bàjẹ́, apẹ̀rẹ̀ á wọ́n gógó ní oṣù Kẹfà sí Kẹjọ. Gbogbo ẹni tó bá ní ìwé àti bírò l'Ógbèrè ló ti ṣe ìṣirò yẹn: kí n gbin tòmátì sórí òjò àkọ́kọ́, kí n kó o ní oṣù Kẹfà, kí n kọ́lé.

Èmi náà ṣe é, ọdún méjì. Àkọ́kọ́, ó tanná ní ìparí oṣù Kẹrin, òru ń mú èèyàn láàgùn, òdòdó ń já láì so. Tòmátì fẹ́ kí òru tutù, bí òru bá ń gbóná bíi tiwa nígbà yẹn, kì í fẹ́ so. Èyí tó wá so bọ́ sínú òjò oṣù Karùn-ún. Ewé ìsàlẹ̀ yọ àmì dúdú róbótó róbótó, ó pọ́n, ó gbẹ, ó ń gùn lọ sókè lójoojúmọ́ bí ẹni ń gun àkàbà. Mo fi òògùn ṣan án, òjò fọ̀ ọ́, mo tún ṣan án, òjò tún fọ̀ ọ́. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin ni mo kó nínú ilẹ̀ tí mo retí ogójì.

Ọdún kejì mo fi igi gbé e dúró, mo fi ọ̀rá bò ó lórí bí àgọ́, mo gé ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò kí ẹrẹ̀ má baà ta sí i. Ìyẹn so dáadáa. Àmọ́ owó ọ̀rá àti igi jẹ èrè rẹ̀ tán. Ata rodo ni mò ń ṣe báyìí. Orí mi balẹ̀. Orúkọ tí mò ń jẹ́ níbí, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀.


Ìyá Oníwọ̀rọ̀wọ́
28 oṣù Kẹta, 11:08 àárọ̀

Ẹ̀yin tó ń gbin tẹ̀tẹ̀ sínú oòrùn, ẹ kú ìyà. Wọ̀rọ̀wọ́ mi wà lábẹ́ kòkó àti obì, kò sẹ́ni tó pọn omi sí i. Òjò kan yẹn péré ló fi rúwé, ìbòòji ò jẹ́ kí ilẹ̀ tètè gbẹ. Mo gé àkọ́gé lánàá. Wọn ò jẹ́ kí n dé ìdí àtẹ kí wọ́n tó rà á tán, torí ìyàwó tó bá fẹ́ se wọ̀rọ̀wọ́ kì í gba tẹ̀tẹ̀ dípò.


Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìlíṣàn
28 oṣù Kẹta, 12:40 ọ̀sán

Ìjì tó ṣáájú òjò yẹn ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ 60 ló wó fún mi, gbogbo wọn ló ti gbé ọmọ. Ìbẹ́pẹ tó so láti ìdí dé ọrùn, ìjì ṣẹ́ ẹ láàárín. Ìjì òjò àkọ́kọ́ máa ń le, ẹ jọ̀ọ́, kí oṣù Kejì tó parí, ẹ ti ọparun méjì bọ ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá ti yọ ọmọ, kẹ́ ẹ so wọ́n ní ìsọ àgbélébùú. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì gé ọparun náà sílẹ̀. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilé mi níbi tí mo tò ó sí.


Gbin-Kíákíá, Odògbolú
28 oṣù Kẹta, 12:47 ọ̀sán

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Ìlíṣàn, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọparun yẹn dun èmi náà.


Àgbẹ̀ Tuntun, Ìkẹ́nnẹ́
11 oṣù Kẹrin, 6:30 àárọ̀

Mo padà dé o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ 2, ó tún rọ̀ lọ́jọ́ 5, ó tún rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ 9. Mo gbé agolo sí gbangba. Àkọ́kọ́ jẹ́ mílímítà 14, èkejì jẹ́ 22. Ẹ̀kẹta, ewúrẹ́ aládùúgbò mi ló da agolo náà nù, mi ò mọ iye tó jẹ́. Láàárọ̀ àná mo gbẹ́ ihò bí bàbá ṣe wí. Mo bu ilẹ̀ ìsàlẹ̀, mo fún un. Ó ṣù. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó là sí méjì gééré. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wò ó lọ́wọ́ mi bí ẹni rí owó he.

Mo ti kó ìgbẹ́ adìẹ tó ṣẹ́kù jọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo bò ó. Mo fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí bẹ́ẹ̀dì 4 péré, màá fọ́n 4 míì ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo rẹ̀ má baà jọ dàgbà lọ́jọ́ kan bí ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ṣe ń kìlọ̀. Ata rodo 31 yẹn ti yọ ewé tuntun. Mo nílò bíi 150 sí i, mi ò sì lè dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́fà míì. Ta ló ní ata rodo tó ti tó gbìn ní Rẹ́mọ?


Bàbá Ọlọ́sàn, Ìjẹ̀bú-Igbó
11 oṣù Kẹrin, 6:52 àárọ̀

Ó ṣeun, ọmọ mi. Ọsàn tèmi náà tún ti ń tanná. Kò pọ̀ tó ti àkọ́kọ́.


Tòmátì Tán, Ògbèrè
11 oṣù Kẹrin, 7:10 àárọ̀

Mo ní 120 tó ti ga tó ìbú ọwọ́, mo ti ń ṣí i sí oòrùn láti ọjọ́ méje. Wá kó o ní Sátidé, kó o gbé páálí tó ní ihò dání. Má dé lọ́sàn-án o. Ìrọ̀lẹ́ ni.


Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ṣàgámù
11 oṣù Kẹrin, 7:15 àárọ̀

Bẹ́ẹ̀dì 4 yẹn, ọjọ́ wo lo máa fà á? Kí n lè mọ ọjọ́ tí mo máa wà ní gárèjì.